Bí Ẹ Ṣe Lè Sá Fún Ọjà Tó Ń Pa Owó: Ìwé Atọ́nà fún Ọ̀gá Aláìmòye

Ọ̀gá, ẹ kú oríire ipò tuntun. Mo gbọ́ pé wọ́n ti fi yín ṣe olórí ilé-iṣẹ́ rélùwéè akẹ́rù kan, pé ojú irin yín la òkè kọjá títí dé etí òkun, pé àwọn oníbàárà ń tò sẹ́nu ọ̀nà. Mo tún gbọ́ pé ẹ ti ń wá bí ẹ ṣe máa bọ́ lọ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ má tijú rárá. Ọ̀nà kan ò wọjà, ọ̀nà kan náà kọ́ ni wọ́n sì ń gbà jáde níbẹ̀. Ọ̀gá tí kò kọ́ṣẹ́ á kàn ti ilẹ̀kùn pa láàárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo ayé á sì máa bi í pé kí ló dé. Ọ̀gá tó kọ́ṣẹ́ á fi bí ọdún mẹ́wàá sá. Lọ́jọ́ tó bá jáde gan-an, àwọn èèyàn á máa bá a kẹ́dùn pé ó kúkú gbìyànjú.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ mú yín lọ ni Chicago, Milwaukee, St. Paul and Pacific, rélùwéè tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Milwaukee Road. Ní oṣù Kẹta 1980, wọ́n kó kúrò ní gbogbo ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, wọ́n fi ojú irin bí 1,000 máìlì sílẹ̀ fún koríko. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ ọ̀jẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́ ọ.

Àmọ́ kí èèyàn tó sá kúrò níbì kan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ní 1905, ìgbìmọ̀ olùdarí wọn pinnu pé àwọn náà yóò na ojú irin dé Òkun Pàsífíìkì. Great Northern ti wà níbẹ̀. Northern Pacific ti wà níbẹ̀, ìjọba sì ti fún un ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn tiwa kò rí ẹ̀bùn ilẹ̀ kankan gbà. Owó àpò ara wọn ni wọ́n fi ra ọ̀nà lọ́wọ́ onílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1906, nígbà tó sì di 1909, irin ìlà-oòrùn pàdé irin ìwọ̀-oòrùn ní Montana. Wọ́n ti fojú bu iṣẹ́ náà sí 60 mílíọ̀nù dọ́là. Ìgbà tí wọ́n máa jókòó ṣírò rẹ̀, ó ti kọjá 200 mílíọ̀nù. Ní 1914, ọ̀nà omi Panama ṣí, ọkọ̀ òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹrù lọ́wọ́ rélùwéè. Gbèsè gbé wọn dé ilé ẹjọ́ ní 1925. Ó tún gbé wọn débẹ̀ ní 1935.

Ìtàn ìpọ́njú yẹn tó báyìí. Ohun tó kàn yín níbẹ̀ ni pé lẹ́yìn gbogbo wàhálà náà, Milwaukee Road ló ni ọ̀nà tó kúrú jù láti Chicago dé èbúté Seattle àti Tacoma. Àwọn bàbá ti jìyà rẹ̀ tán. Àwọn ọmọ ló kù kó jẹun.

Ẹ kọ́kọ́ ta ohun tí àwọn yòókù kò ní

Láàárín 1914 sí 1920, wọ́n fa wáyà iná mànàmáná sórí ojú irin tó ju 640 máìlì lọ. Apá kan bẹ̀rẹ̀ láti Harlowton ní Montana, ó dé Avery ní Idaho, 438 máìlì. Apá kejì bẹ̀rẹ̀ láti Othello, ó dé Tacoma, ní ìpínlẹ̀ Washington. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ẹni tó bá máa ba nǹkan jẹ́ dé ojú àmì gbọ́dọ̀ mọ iyì rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gun òkè á máa fa iná láti inú wáyà tó wà lókè orí rẹ̀. Tó bá dé góńgó, tó wá ń sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì, awakọ̀ kò ní máa tẹ búrẹ́ẹ̀kì títí irin á fi gbóná tí á máa rú èéfín. Mọ́tò inú ẹ́ńjìnnì náà ló máa yí padà di jẹnẹrétọ̀: ìwúwo ọkọ̀ tó ń sọ̀ á máa pèsè iná, iná náà á padà sínú wáyà, ọkọ̀ mìíràn tó ń gun òkè ní iwájú á sì fi gòkè tirẹ̀. Ẹrù pákó tó ń sọ̀ kalẹ̀ níhìn-ín ń gbé ẹrù ọkà gòkè lọ́hùn-ún, láìsí ẹni tó da epo kankan sínú ẹ̀rọ. Omi odò ló ń yí ẹ̀rọ tó ń pèsè ìyókù iná tí wọ́n ń rà. Bí òjò dídì bá bo Montana, tí ọkọ̀ tó ń fi èéfín omi ṣiṣẹ́ ń yọ lẹ́nu, ẹ́ńjìnnì oníná kò bìkítà.

Ní 1950, wọ́n tún rí ẹ́ńjìnnì oníná alágbára 12 rà. General Electric ló ti ṣe 20 irú wọn fún Soviet Union lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Kí wọ́n tó kó wọn sọ́kọ̀, ìjà ti dé láàárín Washington àti Moscow, ìjọba Amẹ́ríkà ní ẹrù náà kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Milwaukee Road mú 12, rélùwéè kan lẹ́bàá Chicago mú 3, ti Paulista ní Brazil mú 5. Nítorí pé ti Joseph Stalin ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sọ wọ́n ní Little Joe.

Àbùkù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Láti Avery dé Othello, ọ̀nà tó ju 200 máìlì lọ, kò sí wáyà. Ẹ́ńjìnnì oníná á dé Avery, wọ́n á tú u, wọ́n á so ti dísù mọ́ ọkọ̀. Tí wọ́n bá dé Othello, wọ́n á tún pààrọ̀ rẹ̀ padà. Ọmọdé tó bá wo àwòrán ilẹ̀ náà á ní kí wọ́n fa wáyà dí àlàfo yẹn. General Electric pàápàá sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ní òun lè bá wọn wá owó rẹ̀. Ìwádìí tí Milwaukee Road fúnra rẹ̀ sanwó fún kò gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n tú wáyà. Ní oṣù Kejì 1973, ìgbìmọ̀ olùdarí kéde pé kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹ fi sọ́kàn. Àkọ́kọ́, wọ́n ń wá rélùwéè mìíràn tó máa gbé wọn mì, wọ́n sì rò pé wáyà orí ojú irin á máa lé ẹni tó fẹ́ rà wọ́n sá. Èkejì, bàbà gbówó lórí lọ́jà. Wọ́n ṣírò pé bàbà inú wáyà náà á mú bí 10 mílíọ̀nù dọ́là wá.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dá epo rọ̀bì dúró. Kó tó di pé oṣù mẹ́rin kọjá, àgbá epo tí wọ́n ń tà ní bí 3 dọ́là ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 12. Ẹ rò ó wò: gbogbo rélùwéè Amẹ́ríkà ló ń sunkún dísù, ẹnì kan ṣoṣo sì wà láàárín wọn tó ní ojú irin tí kì í mu dísù lórí òkè. Wáyà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn Joe ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá tí kò ní ọkàn akin á ti yí ìpinnu náà padà, á ní ọ̀rọ̀ ti yí. Àwọn tiwa kò yẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 1974, ọkọ̀ oníná ìkẹyìn dé ibùdó, wọ́n pa iná, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé wáyà.

Bàbà ti já wálẹ̀ lọ́jà nígbà yẹn. Ohun tí wọ́n rí kò ju bí ìdajì owó tí wọ́n retí lọ.

Mi ò mọ irú ìwé ìdókòwò tí ẹ ti ń kà tẹ́lẹ̀, ọ̀gá, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ṣe é dáa tó báyìí: wọ́n ta ohun tí kì í jẹ epo lọ́dún tí epo di góòlù, wọ́n tún ta bàbà nígbà tí bàbà wálẹ̀.

Ẹ fi ebi pa á, kí ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti rù

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ fẹ́ sá o. Owó àtúnṣe ni kí ẹ kàn dín kù. Ojú irin kì í bà jẹ́ lọ́jọ́ kan. Àwọn igi tí irin sùn lé á máa rọra jẹrà, ìṣó á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, òkúta wẹ́wẹ́ abẹ́ wọn á máa rì sínú ẹrẹ̀. Lọ́dún kìíní, èrè inú ìwé yín á gbé pẹ́ẹ́lí sí i, àwọn tó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ á pàtẹ́wọ́. Tó bá di ọdún kẹrin ìkarùn-ún, ẹ ó gbé pátákó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pé awakọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá máìlì 10 ní wákàtí kan níbẹ̀. Milwaukee Road gbé irú pátákó bẹ́ẹ̀ káàkiri títí ọkọ̀ akẹ́rù wọn fi di ohun tí ọmọdé lórí kẹ̀kẹ́ lè yà sílẹ̀. Ibi tí wọn kò bá gbé pátákó sí, ọkọ̀ á yà kúrò lójú irin fúnra rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ kan náà sì ni o. Ní 1963, wọ́n gbé ọkọ̀ ayára kan jáde tí wọ́n pè ní XL Special, tó ń ti Chicago dé èbúté ìwọ̀-oòrùn ní wákàtí bí 55. Àwọn olówò mọ ọkọ̀ náà, wọ́n sì ń fi ọjà wọn lé e lọ́wọ́.

Wágùnù náà ní ọgbọ́n tiwọn. Ẹ ta wágùnù yín fún àwọn olówó, kí ẹ wá háyà wọn padà lọ́wọ́ wọn. Milwaukee Road ṣe èyí dáadáa. Owó títà á wọlé lẹ́ẹ̀kan, á dùn ún wò nínú ìwé ọdún náà. Owó háyà á máa jáde láìdúró. Bí wágùnù bá bà jẹ́, owó àtúnṣe kò sí, wágùnù á jókòó, kò kẹ́rù, háyà rẹ̀ kò sì sinmi. Ní ìgbà ìkórè, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń gé gẹdú á máa bẹ̀bẹ̀ fún wágùnù, ẹ̀yin á sì máa sanwó lórí èyí tó wólẹ̀ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.

Láìpẹ́, àwọn oníbàárà á bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín lórí fóònù. Bí ẹ ṣe máa dáhùn nìyí:

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kọ̀ńténà wa tó kúrò ní Seattle lọ́jọ́ Ajé, ibo ló dé?"

"Ó wà lọ́nà, ẹ̀gbọ́n."

"Ọ̀nà ibo?"

"Montana."

"Montana lẹ sọ fún mi lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá."

"Montana fẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ẹ má ṣe bú u, ẹ má sì purọ́ fún un, nítorí Montana fẹ̀ lóòótọ́. Tó bá gba irú èsì yìí lẹ́ẹ̀mélòó kan, á gbé ẹrù rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ẹ wá ṣí ìwé, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé oníbàárà ń dín kù lápá ìwọ̀-oòrùn. Òótọ́ sì ni! Ẹni tó so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ láìfún un lóúnjẹ kò purọ́ tó bá pe ará àdúgbò wá wò ó pé ewúrẹ́ yìí kò sanra.

Ẹ ṣọ́ra fún oríire

Ewu tó burú jù fún ẹni tó ń sá ni kí ọjà máa sáré tẹ̀ lé e. Ó ṣẹlẹ̀ sí Milwaukee Road. Ní oṣù Kẹta 1970, Great Northern, Northern Pacific àti àwọn ìbátan wọn kan di ọ̀kan, wọ́n sọ ara wọn ní Burlington Northern. Interstate Commerce Commission, ìgbìmọ̀ tó ń pàṣẹ lórí rélùwéè nígbà náà, ní òun kò ní gbà bí wọn kò bá ṣí ẹnubodè 11 fún Milwaukee Road láti máa bá wọn pààrọ̀ ẹrù, kí ó sì lè dé Portland ní Oregon. Ohun tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọdún gbọ́nhan nìyẹn. Àwọn olówò tí kò fẹ́ kí Burlington Northern nìkan máa bu owó lé wọn lórí yà sọ́dọ̀ wọn. Kọ̀ńténà láti Éṣíà ń dé sí èbúté Seattle, apá ńlá nínú rẹ̀ sì ń bọ́ sórí wágùnù Milwaukee Road.

Kí ẹ tó lè mọ bí ewu náà ṣe pọ̀ tó, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí owó wà nínú rélùwéè akẹ́rù. Gbígbé ẹrù sórí wágùnù, títo wágùnù pọ̀ ní ibùdó, títú u nígbà tó bá débẹ̀, kíkọ ìwé rẹ̀: iye kan náà ni, yálà ẹrù ń lọ sí 50 máìlì tàbí 2,000. Inú ìrìn ni èrè wà. Lápá Iowa, Wisconsin àti Illinois, ìrìn Milwaukee Road kúrú, ojú irin kéékèèké tó ń lọ kó ọkà díẹ̀ ní abúlé pọ̀ lọ bíi rẹrẹ, rélùwéè mẹ́ta mẹ́rin mìíràn sì ń sáré láàárín àwọn ìlú kan náà. Ọkọ̀ akẹ́rù orí títì ń gba ìyókù lọ́wọ́ gbogbo wọn. Lápá ìwọ̀-oòrùn, ìrìn gùn, àwọn tí wọ́n ń bá du ọjà kò sì pọ̀.

Ọ̀gá tó bá mòye á ta apá kúkúrú, á di apá gígùn mú. Ẹ̀yin kọ́ nìyẹn.

Kàkà kí wọ́n ra ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tún irin ṣe fún ẹrù tó ń ya wọlé, ẹni tó máa rà wọ́n ni wọ́n ń wá kiri. Wọ́n ti bá Chicago and North Western sọ ọ́ sọ ọ́, kò yọrí sí rere. Ní 1973, wọ́n padà lọ bẹ ìgbìmọ̀ kan náà pé kí wọ́n kúkú pa àwọn pọ̀ mọ́ Burlington Northern, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹnubodè 11 lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kọ̀. Nígbà tó fi máa di pé wọ́n rí èsì náà gbà, ọdún ti lọ, irin ti jẹrà, owó ti tán.

Ọ̀rọ̀ ìwé owó

Ní oṣù Kejìlá 1977, wọ́n wọ ilé ẹjọ́ gbèsè ní Chicago lẹ́ẹ̀kẹta. Ilé ẹjọ́ yan alámòójútó; nígbà tó yá, Richard Ogilvie, gómìnà Illinois nígbà kan rí, ló bọ́ sí ipò náà. Àbá tó borí ni pé kí ilé-iṣẹ́ náà sún kì, kó di apá àárín gbùngbùn mú, kó jáwọ́ nínú gbogbo ohun tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Miles City ní Montana.

Kí n má purọ́ mọ́ wọn: ìṣòro wọn kì í ṣe àfọwọ́fà nìkan. Ìjọba kò jẹ́ kí wọ́n bu owó ẹrù bó ṣe wù wọ́n, bí wọ́n bá sì fẹ́ ti ojú irin kékeré kan pa, ẹjọ́ rẹ̀ á gba ọdún. Rélùwéè tó wọko gbèsè lákòókò náà pọ̀. Penn Central ti ṣubú ní 1970, Rock Island ń kú lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Owó tó máa gbà láti tún irin ìwọ̀-oòrùn ṣe ní 1978 pọ̀ gan-an, nítorí pé wọn kò tún un ṣe ní 1968. Alámòójútó tó bá òkú nílẹ̀ kò lè jí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má ya ìṣòro tó bá yín nílé sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín gbẹ́. Ẹ dà wọ́n pọ̀, kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ há ìjọba lọ́rùn.

Ti ìṣirò tún wà níbẹ̀. Àwọn kan tó ti yẹ ìwé ẹjọ́ náà wò láti ìgbà yẹn ń sọ pé wọ́n ka àwọn ìnáwó kan sí apá ìwọ̀-oòrùn lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì, àti pé bí wọ́n bá ṣe ìṣirò náà bó ṣe yẹ, èrè ni apá yẹn ń mú wá kì í ṣe àdánù. Àwọn mìíràn ń jiyàn rẹ̀ títí dòní. Èmi kò nílò kí ìyẹn jẹ́ òótọ́ kí n tó rí àléébù níbẹ̀. Kọ̀ńténà kan tó ti Seattle wá dé Chicago rìn lórí ojú irin ìwọ̀-oòrùn, ó tún rìn lórí ti ìlà-oòrùn. Tí ẹ bá gé ìwọ̀-oòrùn dànù, owó tí kọ̀ńténà náà ń san lápá ìlà-oòrùn á bá a lọ. Ó rọrùn láti gbàgbé ìyẹn tó bá jẹ́ pé ìwé méjì ni ẹ kọ ọ́ sí. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sí ìwé méjì.

Ẹnì kan á dìde ní ìparí pé òun fẹ́ ọjà tí ẹ̀yin kò fẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn olówò kan ní Washington àti Montana dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní SORE, wọ́n ní àwọn máa gba apá ìwọ̀-oòrùn, àwọn máa sọ ọ́ ní New Milwaukee Lines. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá 1979, ilé-iṣẹ́ náà ti fẹ́ dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà sáré ṣòfin pé kí wọ́n ṣì máa rìn, kí ẹgbẹ́ náà mú ètò wọn wá. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fún wọn láti wá owó àti ìwé fún ohun tí àwọn olùdarí fi ogún ọdún bà jẹ́. Kí ọdún náà tó parí, ìgbìmọ̀ ìjọba ti ní ètò wọn kò lè dúró. Nígbà tó di oṣù Kẹta 1980, ọkọ̀ ìkẹyìn jáde ní Tacoma.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ jáde

Ọ̀gá tí kò gbọ́n tó yín á dúró títí ọjà á fi kú kó tó jáde. Ẹ jáde nígbà tí ó kù díẹ̀ kó so. Ní oṣù Kẹwàá 1980, oṣù méje péré lẹ́yìn ọkọ̀ ìkẹyìn yẹn, Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí Staggers Act, òfin tó tú ọwọ́ rélùwéè sílẹ̀ láti máa bu owó ẹrù fúnra wọn, láti bá olówò kọ̀ọ̀kan ṣe àdéhùn, láti ti ojú irin tí kò wúlò pa kíákíá. Gbogbo ohun tí Milwaukee Road ti ń ráhùn lé lórí látọjọ́ yìí ni òfin náà kó. Láàárín ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, ẹrù láti Japan, Korea àti China ń ya wọ etíkun Pàsífíìkì, àwọn rélùwéè sì bẹ̀rẹ̀ sí í to kọ̀ńténà méjì lé ara wọn lórí wágùnù kan ṣoṣo.

Burlington Northern ló jókòó ti oúnjẹ náà. Ní Montana, níbi tí kò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹlòmíràn mọ́ tó lè gbé àlìkámà, àwọn àgbẹ̀ gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìjọba ní 1980 kan náà pé owó ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹjọ́ náà fà kọjá ọdún mẹ́wàá, àwọn àgbẹ̀ kò sì jàre ní ìgbẹ̀yìn. Burlington Northern pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ara rẹ̀: ó ti ọ̀nà Stampede Pass rẹ̀ tó gba òkè Cascade pa ní ìbẹ̀rẹ̀ 1980s, ó ní ọ̀nà ti pọ̀ jù. Ní 1996, lẹ́yìn tó ti dapọ̀ mọ́ Santa Fe, ẹrù pọ̀ débi pé ó ní láti náwó tún un ṣí. Nítòsí ibẹ̀, Milwaukee Road ní ihò abẹ́ òkè tirẹ̀ ní Snoqualmie, tó gùn ju máìlì 2 lọ, lórí ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ rélùwéè máa ń yìn pé ó rọrùn láti gùn ju ti àwọn yòókù. Ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ló ń gba ibẹ̀ báyìí, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Lápá Idaho, ọ̀nà tí àwọn Joe ń gùn ti di ibi ìgbafẹ́ oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní Route of the Hiawatha, ihò abẹ́ òkè mẹ́wàá àti afárá gíga méje. Ẹ ó ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó wọlé. Mo bá wọn yọ̀, ó jọ pé ẹnì kan ti ń rí owó lórí ojú ọ̀nà yẹn.

Àwọn Joe márùn-ún tó lọ sí Brazil ńkọ́? Wọ́n ṣì ń wọ́ ọkọ̀ ní São Paulo fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti gé wáyà ti Montana fún ajákù.

Ẹ má rò pé gbogbo èèyàn ló fara gbọgbẹ́ o. Ohun tó kù nínú Milwaukee Road wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ọdún díẹ̀, kí Soo Line tó rà á ní 1985. Chicago Milwaukee Corporation, ilé-iṣẹ́ tó ni ín, jáde nínú ẹjọ́ gbèsè náà pẹ̀lú owó lọ́wọ́ àti ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù láti tà. Nítorí náà, tí wọ́n bá pè yín wá sọ̀rọ̀ níbi àpèjọ àwọn olókòwò, ẹ lọ. Ẹ wọ aṣọ tó dára. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ gé ibi tó ń jẹ èrè kúrò, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́, nítorí kò ní sí àgbẹ̀ Montana kankan lórí ìjókòó.

Àwọn nǹkan kéékèèké ló kù. Ẹ ta irin náà ní kíá, kí ẹlòmíràn má baà rà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà. Ajákù kì í bá èèyàn du ọjà. Ẹ ta afárá lọ́tọ̀, kí ẹ ta ilẹ̀ ní pẹ̀lẹ́ńbẹ́ pẹ̀lẹ́ńbẹ́ fún olóko, títí kò fi ní sí ẹni tó lè rà wọ́n jọ mọ́. Ẹ fi lẹ́tà ìdágbére ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ní Avery àti Othello, kí ẹ rí i pé ẹ pe orúkọ ìlú wọn dáadáa. Bí ẹnì kan bá sì tún pè láti Seattle pé òun ní kọ̀ńténà 40 tó gbọ́dọ̀ dé Chicago lọ́sẹ̀ yìí, ẹ dá a lóhùn tọ̀yàyà tọ̀yàyà. Ẹ fún un ní nọ́ńbà fóònù Burlington Northern. Òun ló kúkú máa san owó ìpè náà.